Orí Kẹrin: Yíyan Àdá àti Irinṣẹ́ fún Igbó Onígi

Kí ẹ tó lọ sọ́jà ra àdá, ẹ lọ wo ilẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ti ọjà bẹ̀rẹ̀: wọ́n á yan èyí tó nípọn jù, tó tẹ̀wọ̀n dáadáa, ọlọ́jà á fi èékánná ta á kó dún, wọ́n á sanwó. Ó di ọjọ́ tí wọ́n bá dé oko kí wọ́n tó mọ̀ pé àárẹ̀ apá ni wọ́n fowó rà. Ìlànà kan ló gbé orí yìí ró: ohun tó pọ̀ jù lórí ilẹ̀ ni kí ẹ fi yan àdá, ẹ má fi igi tó tóbi jù níbẹ̀ yàn án. Igi ńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà lórí éékà kan ní irinṣẹ́ tiwọn, wákàtí díẹ̀ lẹ ó sì fi bá wọn parí. Àdá ló máa wà lọ́wọ́ yín láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí oòrùn á fi gun àtàrí.

Ohun tó hù síbẹ̀

Ilẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀ fún ọdún méjì sí mẹ́ta ní agbègbè Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Oǹdó kì í pẹ́ di ti akíntọ́lá, èyí tí wọ́n ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀ níbòmíràn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n bí ọmọ onílẹ̀ ló ṣe ń ṣe lónìí. Ní ọdún àkọ́kọ́, igi rẹ̀ rọ̀, omi kún inú rẹ̀, kò sì ju ìka ọwọ́ lọ. Tó bá di ọdún kejì, ìdí rẹ̀ á ti gbó di igi, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka á yọ láti ìdí kan ṣoṣo, wọ́n á sì lọ́ mọ́ra wọn. Ẹ̀ka kan kì í fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju àtàǹpàkò lọ. Iye wọn ló ń dá ènìyàn lágara.

Bí ilẹ̀ bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, aṣọ́fẹ́yẹjẹ, òrúwo àti àyúnrẹ́ á ti yọrí lókè akíntọ́lá, ìdí wọn á sì ti tó ọrùn-ọwọ́. Lápá Òkè-Ògùn tó jẹ́ ọ̀dàn, àyìn àti ìrá lẹ ó bá pàdé. Àyìn le púpọ̀; àdá tó ń fi akíntọ́lá ṣeré, tó bá kan àyìn gbígbẹ, ẹnu rẹ̀ lè kán wẹ́wẹ́. Létí odò, eèsún ló máa ń pọ̀, ẹ̀wọ̀n agogo pẹ̀lú ẹ̀gún rẹ̀ á sì wà láàárín wọn. Ọparun ní tirẹ̀, inú rẹ̀ ṣófo, kò sì ṣòro gé, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ ní ohun kan bí iyanrìn nínú tó ń jẹ ẹnu irin kíákíá. Ẹni tó bá máa gé ọparun ní gbogbo ọjọ́ kí ó mú fáìlì dání.

Ẹ má dúró sí etí oko fojú díwọ̀n, nítorí etí ọ̀nà kì í sọ òtítọ́ nípa àárín igbó. Ẹ wọ inú rẹ̀ lọ, ẹ gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá síwájú àti mẹ́wàá sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ka igi tó wà láàárín igun náà. Ara yín ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: èyí tí kò tó àtàǹpàkò, èyí tó tó o, èyí tó tó ọrùn-ọwọ́, èyí tó tó itan. Ẹ ṣe é níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tí ẹ kà kò bá tó àtàǹpàkò, ẹ ti mọ irú àdá tí ẹ ń wá, ohun yòówù kí òrúwo ńlá kan tó dúró láàárín oko máa sọ.

Ẹ má gbàgbé ìṣirò kan. Igi tó fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 4 kì í ṣe ìlọ́po méjì iṣẹ́ igi tó fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 2. Ìlọ́po mẹ́rin ni, nítorí gbogbo ojú igi tí irin máa là kọjá ló ń fẹ̀. Tó bá fẹ̀ tó 6, ó ti di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ìyẹn ló jẹ́ kí àdá lè fi ìka-ìka igi ṣòfò láti àárọ̀, kí igi ọrùn-ọwọ́ mẹ́wàá péré sì mú olówó rẹ̀ jókòó.

Iṣẹ́ tí nínípọn ń ṣe

Nígbà tí àdá bá wọ igi, ohun méjì ló ń ṣe. Ẹnu rẹ̀ ń gé fọ́nrán. Ara rẹ̀, láti ẹnu dé ẹ̀yìn, ń ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ kí ẹnu lè rí àyè wọlé sí i. Nínú koríko, iṣẹ́ kejì yìí kò sí. Koríko kò fara ti nǹkan kan: bí àdá bá lọ́ra, á kàn tẹ̀ sílẹ̀, tí àdá bá kọjá tán á tún nàró. Eré àti ẹnu mímú ló ń gé e. Ṣùgbọ́n nínú igi tó dúró gbọn-in, àdá fẹ́lẹ́ á wọlé dáadáa, igi tútù á sì fún un mọ́lẹ̀, ẹ ó wá máa fi ẹsẹ̀ ti igi kí ẹ tó lè fà á yọ. Èyí tó nípọn ń la ibi tó gé, èérún igi á ta jáde, àdá á bọ́ fúnra rẹ̀.

Ó dà bíi pé kí gbogbo wa kúkú ra èyí tó nípọn, àbí? Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí ìwọ̀n. Àdá tó gùn ní sẹ̀ńtímítà 55, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 6, tó sì nípọn ní mìlímítà 2, irin inú rẹ̀ á wọn nǹkan bíi gíráàmù 520, láìka èèkù mọ́ ọn. Tí ẹ bá sọ ọ́ di mìlímítà 3, ó ti tó 780. Mìlímítà 5 á sún mọ́ 1,300. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èkíní àti èkejì jẹ́ gíráàmù 260, kò tó nǹkan lójú ẹni tó gbé e wò lọ́jà. Tí ẹ bá wá ju apá nígbà 20 ní ìṣẹ́jú kan, láàárín wákàtí kan ẹ ti gbé àfikún kìlógíráàmù 312 sókè. Ó ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà lọ. Bí ó bá jẹ́ pé akíntọ́lá ìka-ìka lẹ ń gé, lásán lẹ gbé e.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ. Bí ìwúwo àdá bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń kan igi á di ìlọ́po méjì. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà àdá fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí apá rẹ̀ ṣì yá kì í ṣe ohun ìṣeré, àdá wíwúwo lọ́wọ́ ẹni tó ti rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju kùmọ̀ lọ.

Bí mo ṣe máa pín in nìyí. Fún koríko, eèsún àti akíntọ́lá tí kò tíì pé ọdún méjì, mìlímítà 1.5 sí 2, kó gùn dáadáa. Fún ilẹ̀ àdàlù, níbi tí akíntọ́lá ti gbó tí igi àtàǹpàkò sì pọ̀ láàárín rẹ̀, 2.5 sí 3. Tó bá jẹ́ àdá kan ṣoṣo lowó yín ká, òun ni kí ẹ rà. Fún igi tó tó ọrùn-ọwọ́ tó sì pọ̀ lórí ilẹ̀, 4 sí 5, ṣùgbọ́n kó kúrú, kó má ju sẹ̀ńtímítà 40 lọ, kí ìwúwo rẹ̀ má baà bọ́ sódì. Gígùn àti nínípọn kì í gùn pọ̀: bí ọ̀kan bá lọ sókè, èkejì ní láti sọ̀ kalẹ̀. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣe é náà nìyẹn. Ní Màléṣíà, parang tí wọ́n fi ń wọ igbó onígi kúrú, ó sì máa ń nípọn tó mìlímítà 4 sí 6. Ní ilẹ̀ Latin Amẹ́ríkà, níbi tí koríko àti ìrèké ti jẹ́ iṣẹ́ àdá, nǹkan bíi mìlímítà 2 ló wọ́pọ̀.

Báwo lẹ ó ṣe wọn mìlímítà lọ́jà? Ẹ ní kí ọlọ́jà to àdá márùn-ún irú kan náà lé ara wọn, kí ẹ fi rúlà ọmọ ilé-ìwé wọn ẹ̀yìn wọn pọ̀, kí ẹ pín in sí márùn-ún. Tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ mìlímítà 10, méjì-méjì ni wọ́n. Ti ìwúwo, ẹlẹ́ja dídì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní kọ̀ kí ẹ gbé e sórí ìwọ̀n rẹ̀.

Ti ilé-iṣẹ́ àti ti alágbẹ̀dẹ

Inú irin pẹlẹbẹ ńlá ni ilé-iṣẹ́ ti ń gé àdá jáde, nínípọn kan náà ló sì máa ń ní láti èèkù dé ṣóńṣó. Èyí tí orúkọ rẹ̀ lọ jù ní Nàìjíríà ni alámì ọ̀nì, ti ilé-iṣẹ́ Ralph Martindale tó bẹ̀rẹ̀ ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ayédèrú rẹ̀ kún ọjà, nítorí náà àwòrán ọ̀nì nìkan kò tó ẹ̀rí. Àdá alágbẹ̀dẹ yàtọ̀. Irin sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ọ́, irin tó dára gan-an, òòlù ló sì fi ń fà á gùn: ó lè nípọn tó mìlímítà 5 nídìí èèkù, kó sì ti di 3 kó tó dé iwájú. Fífẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ yìí ń gbé ìwúwo wá sítòsí ọwọ́, àdá náà á wúwo lórí ìwọ̀n ṣùgbọ́n kò ní wúwo lápá. Lójú tèmi, tó bá jẹ́ igbó onígi gidi, àdá alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ ló dára jù. Tó bá jẹ́ akíntọ́lá, ti ilé-iṣẹ́ tó, owó rẹ̀ á sì fúyẹ́.

Kí ẹ tó sanwó èyíkéyìí, ẹ gbé e sójú bí ẹni fẹ́ yìnbọn, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó wọ́. Ẹ fi ṣóńṣó rẹ̀ ti ilẹ̀ pákó, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ tú u sílẹ̀: tó bá padà sí gbọọrọ, ó dára, tó bá dúró ní títẹ̀, irin rẹ̀ rọ̀. (Èyí tó nípọn ní 5 kò ní tẹ̀ rárá, ẹ má fi dán agbára wò.) Ẹ fi fáìlì kan ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fáìlì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìlọ́ra. Tó bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ láìjẹ, irin ti le jù, yóò kán lára igi gbígbẹ. Tó bá jẹ ẹ́ bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò ní mú ju wákàtí kan lọ. Dídún tí ọlọ́jà ń ta létí yín kò fi nǹkan kan hàn ju pé irin ni.

Àdá tó kán sábà máa ń jẹ̀bi ọ̀nà méjì: bóyá irin rẹ̀ le jù láti ilé, bóyá wọ́n há a sínú igi, wọ́n sì fi agbára lọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì. Fífẹ́lẹ́ kọ́ ló máa ń pa á.

Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èèkù burúkú ló ń ba àdá rere jẹ́. Ẹ wo ìṣó tó mú èèkù mọ́ irin: mẹ́ta sàn ju méjì lọ, irin náà sì gbọ́dọ̀ la inú èèkù kọjá dé ìparí. Èèkù oníke máa ń yọ̀ bí ọwọ́ bá làágùn. Rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́ tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a sì wé mọ́ ọn á tún un ṣe.

Ibi tí àdá kò dé

Igi tó bá ti ju ọrùn-ọwọ́ lọ, ẹ fi àdá sílẹ̀. Ayùn ọwọ́ ló tọ́ sí i, àwọn àgbẹ̀ wa kò sì tíì fún un ní ọ̀wọ̀ tó yẹ ẹ́. Abẹ ayùn fẹ́lẹ́ ju ti àdá èyíkéyìí lọ, nǹkan bíi mìlímítà 1 péré, síbẹ̀ igi kì í fún un pa bí ó ti ń fún àdá. Eyín rẹ̀ ni àṣírí: wọ́n tẹ̀ wọ́n sẹ́yìn ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, nítorí náà ọ̀nà tí wọ́n ń là fẹ̀ ju ara abẹ lọ. Fún igi tútù, ẹ ra ayùn tí eyín rẹ̀ tóbi, tí àlàfo wà láàárín wọn, kí ìdọ̀tí igi lè rí ibi jáde. Eyín wẹ́wẹ́ ti káfíńtà á dí pa láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tí ń gé nígbà tí a bá fà á wá sọ́dọ̀ ara ló dára jù fún ènìyàn kan, torí bí a bá ti abẹ fẹ́lẹ́ síwájú, ó lè ká. Ó tún ń fi ìdí igi sílẹ̀ ní pẹrẹsẹ, ọ̀rọ̀ tí a máa padà bá láìpẹ́.

Àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ gígùn dára fún ẹ̀wọ̀n agogo àti ohun ẹlẹ́gùn-ún gbogbo, nítorí ó ń jẹ́ kí ọwọ́ jìnnà sí ẹ̀gún. Kò ní ju igi sẹ̀ńtímítà 4 lọ. Ààké wà fún igi tó tó itan, iṣẹ́ lílà ló sì ń ṣe ju gígé lọ. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì kì í ṣe ti igbó wẹ́wẹ́ rárá: ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ á kọ́ ṣéènì rẹ̀, á sì nà yín lójú, tí ṣóńṣó rẹ̀ bá sì kan igi tí ẹ kò rí láàárín ewé, ó lè ta padà sọ́nà orí yín. Ẹ ṣán ìdí igi mọ́ pẹ̀lú àdá ná kí ẹ tó tan án.

Àkókò tún ń pinnu irinṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí gbígbin agunmániyè àti irú igi bẹ́ẹ̀ ní ìlà-ìlà láàárín àgbàdo, kí ewé wọn lè máa sọ ilẹ̀ jí. Ìlà náà dára níwọ̀n ìgbà tí a bá ń gé e déédéé, nígbà tí ẹ̀ka rẹ̀ kò tíì ju ìka lọ. Àgbẹ̀ tó bá jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó gé e á bá igi tí àdá fẹ́lẹ́ kò ràn mọ́. Iṣẹ́ gígé yìí wà lára ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pa ọ̀nà náà tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ yín: ẹ̀ẹ̀rùn kan tí ẹ bá fi dúró lè gbé yín kúrò lórí àdá mìlímítà 2 lọ sórí ti 3.

Ẹ̀rọ ìṣánko

Ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ èjìká yìí ti wọ́pọ̀ báyìí, ọgbà ilé-ìwé àti etí títì ni ojú ti mọ̀ ọ́n. Àṣìlò tó wọ́pọ̀ jù ni fífi okùn ọ̀rá bá igi jà. Okùn náà, tó máa ń nípọn ní mìlímítà 2.4 sí 3, koríko nìkan ni tirẹ̀. Lára akíntọ́lá tó ti gbó, òun fúnra rẹ̀ ló máa já wẹ́wẹ́. Abẹ onírin eléyín mẹ́ta ló tọ́ sí akíntọ́lá, eèsún àti igi tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Abẹ róbótó eléyín púpọ̀, irú èyí tó ní eyín 40 tàbí 80, ló ń gé igi tó dúró ní òun nìkan, tó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì náà lágbára tó.

Lórí ẹ̀rọ, nínípọn ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Eré abẹ ti pọ̀ jù kí ìwúwo tó já mọ́ nǹkan nínú gígé. Ohun tí nínípọn ń rà fún yín ni ìfaradà, nígbà tí abẹ bá kan òkúta tàbí kùkùté tó fara pamọ́. Ọ̀pọ̀ abẹ olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà jẹ́ mìlímítà 1.4. Ó ṣiṣẹ́ fún igi tútù lórí ilẹ̀ tí ẹ mọ̀, ṣùgbọ́n nínú igbó tó lọ́ mọ́ra lórí ilẹ̀ olókùúta, ẹ wá eléyín mẹ́ta tó nípọn tó mìlímítà 3. Ẹ wo ihò àárín rẹ̀ pẹ̀lú: ẹ̀rọ kan ń gba mìlímítà 25.4, òmíràn 20. Ẹni tó bá fi páànù dí ihò tó tóbi jù, àárín abẹ kò ní bá àárín ẹ̀rọ mu mọ́, gbogbo rẹ̀ á máa gbọ̀n, ìgbà tó máa bọ́ nìkan ni a kò mọ̀.

Abẹ tó ti sán, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, bó ti wù kí sísán náà kéré tó. Iná wẹ́dìn á yí irin ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ padà, abẹ tó ń yí lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan á sì pín sí méjì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tàbí kí ẹ gé e sọ nù, kí ẹnìkan má baà hú u jáde láti ààtàn lò ó.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí, iwájú abẹ ń yí láti ọ̀tún sí òsì ẹni tó gbé e. Apá òsì abẹ ni kí ẹ fi kan igi. Tí igi líle bá bọ́ sí iwájú lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ á ta, á sì fa gbogbo ara yín yí. Kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ yín tó mítà 15, kí ìbojú wà lójú yín, bùútù lẹ́sẹ̀.

Ẹnu àdá

Àdá tó nípọn bó ti yẹ, tí wọ́n pọ́n lọ́nà tí kò yẹ, kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò rà. Ẹ fi rúlà wo ibi tí fáìlì jẹ, láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ dé ẹnu gan-an. Fún igi, kí ibẹ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ nínípọn àdá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan: mìlímítà 3 lórí àdá oní-2, 4.5 lórí oní-3. Fún koríko, ìlọ́po méjì àti ààbọ̀: mìlímítà 5 lórí oní-2. Ẹnu koríko mú ju ẹnu igi lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ débi pé igi líle á ká a tàbí kán an. Èyí ṣàlàyé ìdí tí àdá tuntun tí wọ́n pọ́n rekete lọ́jà fi máa ń já àgbẹ̀ kulẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Kò pọn dandan kí gbogbo gígùn àdá ní ẹnu kan náà. Ibi tí ń kan igi jù wà ní ìwọ̀n ọwọ́ kan sẹ́yìn ṣóńṣó. Ẹ fún un ní ẹnu igi. Ìdá kan nínú mẹ́ta tó sún mọ́ èèkù, ẹ pọ́n ọn fẹ́lẹ́, ẹ ó fi máa gbẹ́ èèkàn àti igi tí iṣu máa fà mọ́.

Fáìlì pẹlẹbẹ ló dára jù lóko, kí òkúta sì wà nílé fún àṣepé. Ẹ̀rọ ìlọrin ti wẹ́dà yára, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí i tí ẹnu àdá yí padà di àwọ̀ búlúù, ó ti gbóná jù, líle rẹ̀ sì ti lọ níbẹ̀. Kò sí ohun tó ń dá a padà ju kí ẹ fi fáìlì jẹ gbogbo ibi tó búlúù náà kúrò. Àdá tí wọ́n gbàgbé sínú oko tí wọ́n dáná sun, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni kó lọ.

Lóko

Ẹ má gé igi ní ìbú tààrà. Ẹ dà á díẹ̀, kí irin lè bá fọ́nrán igi rìn lápá kan dípò kó kọlu gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Tí igi bá rọ̀ tó, ẹ fi ọ̀pá tó ní ìkọ́ lórí fà á tẹ̀ (ẹ má fi ọwọ́ fà á), kí ẹ sì bẹ́ ẹ lẹ́yìn ibi tó tẹ̀, níbi tí èèpo ti le gbandi. Fọ́nrán tó ti fà le máa ń já bí okùn. Ẹ ṣọ́ra fún títa rẹ̀: igi tó tẹ̀ máa ń padà pẹ̀lú agbára.

Gígé dídà yìí ní àbùkù kan. Ó ń fi kùkùté ẹlẹ́nu ṣóńṣó sílẹ̀, ewé gbígbẹ á sì bò ó títí ẹnìkan á fi tẹ̀ ẹ́. Kùkùté akíntọ́lá ti gún bàtà rọ́bà kọjá rí, ó sì lè lu táyà alùpùpù. Níbi tí ènìyàn tàbí ọkọ̀ máa gbà kọjá, ẹ fi ayùn gé igi tó ju àtàǹpàkò lọ ní pẹrẹsẹ, kó sún mọ́ ilẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ kó sú padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ gé e ga tó orúnkún kó lè rúwé. Akíntọ́lá ní tirẹ̀, ibi yòówù kí ẹ gé e, ìdí rẹ̀ á tún hù, àfi tí ẹ bá fi ọkọ́ hú u.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wo òkè kí ẹ tó ju àdá sínú ìtàkùn. Wèrèpè tó ti gbẹ á gbọn irun rẹ̀ sí ọrùn yín, ẹ kò sì ní lè dúró ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Tó bá jẹ́ alágbàṣe lẹ gbà, àdá tirẹ̀ ló máa gbé wá, ó sì mọ bó ṣe ń fì í. Ẹ má fi tiyín lé e lọ́wọ́. Ohun tó kàn yín ni kó rí igi ọrùn-ọwọ́ tó wà láàárín oko kí ẹ tó fẹnu kò lórí owó, kí ẹ sì ya àwọn igi náà sọ́tọ̀ nínú iye tí ẹ dá. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ èyí tí ẹ kò fẹ́ kó gé. Ẹ fi ayùn kan àti fáìlì kan sílẹ̀ fún un ní abẹ́ igi, nítorí ọ̀pọ̀ alágbàṣe kò ní ayùn, á sì fi àdá bá gbogbo rẹ̀ jà tí ẹ kò bá fún un.